Ìgbà wo ni √ jẹ́ ẹyọ kan, ìgbà wo ni ìdáhùn jẹ́ méjì?

Ìbéèrè

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Kápẹ́ńtà ni mí ní Ìlọrin. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, òun ló sì ń kọ́ mi ní ìṣirò tí n kò kọ́ parí nígbà èwe mi. Ó gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ náà sì rú àwa méjèèjì lójú. Ìbéèrè kìíní ní kí ó wá √49. Ó kọ ±7, wọ́n fagi lé e. Ìkejì ní kí ó wá x nínú x² = 49. Ó kọ 7 nìkan, wọ́n fún un ní ìdajì máàkì, wọ́n ní ó gbàgbé −7. Ìkẹta ni √(x + 6) = x. Ó kọ 3 àti −2, wọ́n fagi lé −2. Ìkẹrin ni ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè, tí gíga rẹ̀ ní mítà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá t jẹ́ 20t − 5t². Wọ́n ní ìgbà wo ni bọ́ọ̀lù náà wà ní gíga mítà 15. Ó kọ 1 àti 3, wọ́n fagi lé 1. Ọmọ náà ní bó ṣe wu olùkọ́ ló ń ṣe é. Ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo gan-an ni máínọ́ọ̀sì ń wọlé, ìgbà wo ni a ń lé e jáde?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ tó ń kọ́ bàbá rẹ̀ ní ìṣirò kò ní tètè gbàgbé ohun tó kọ́, nítorí ẹni tó bá ń ṣàlàyé fún ẹlòmíràn ló máa ń rí ibi tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dáwọ́ dúró.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ SS máa ń ṣì, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí kò le rárá. Àwa olùkọ́ ni a kì í ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀. A ó sọ fún wọn lónìí pé square root 49, ìyẹn √49, jẹ́ 7. Tó bá di ọ̀la, a ó ní kí wọ́n má gbàgbé plus or minus, ìyẹn ±. A kì í sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi yí padà mọ́jú. Ọmọ tó ní làákàyè á wá rò pé ìṣirò kò ní òfin, pé ohun tó bá ti wu olùkọ́ ni. Ọmọ yín kò jẹ̀bi bó ṣe rò bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ rẹ̀ tọ̀nà lórí mẹ́ta àkọ́kọ́. Lórí ìkẹrin, ọmọ yín ló tọ̀nà.

Ibi tí ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ìbéèrè kìíní àti ìkejì jọ ara wọn lójú, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ohun kan náà. x² = 49 jẹ́ ìbéèrè: nọ́ńbà wo, tàbí àwọn nọ́ńbà wo, ni a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó jẹ́ 49? Ṣùgbọ́n √49 kì í ṣe ìbéèrè. Orúkọ ni. Ó ń tọ́ka sí nọ́ńbà kan pàtó, bí orúkọ yín ṣe ń tọ́ka sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá ìbejì ṣàlàyé. Bí ẹnì kan bá bi mí pé àwọn wo ni ọmọ ìyá yìí, tí mo dárúkọ Táíwò nìkan, mo ti fi ọmọ kan pamọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì rán mi pé kí n lọ pe Táíwò wá, tí mo kó Táíwò àti Kẹ́hìndé wá pọ̀, mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. 49 ni ìyá, 7 àti −7 ni ìbejì rẹ̀. x² = 49 ń béèrè gbogbo ọmọ. √49 ń pe Táíwò nìkan, ìyẹn èyí tó ju òdo lọ. Ẹni tó bá fẹ́ Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ pè é ní orúkọ tirẹ̀, −√49. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín fi pàdánù máàkì lórí kìíní, tó sì tún pàdánù lórí ìkejì. Wọ́n ní kó pe ọ̀kan, ó kó méjì wá. Wọ́n ní kó mú gbogbo wọn wá, ó mú ọ̀kan.

Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ní 49 ní square root méjì, ẹ má jiyàn. Òótọ́ ni, ọmọ méjì ló ní. Àmì √ yìí ni kì í pe àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti àmì orí ìwé kò jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbi −7 lọ́nà −7 tó di 49. Brahmagupta, onímọ̀ ìṣirò ará Íńdíà, kọ òfin yìí sílẹ̀ ní ọdún 628, owó àti gbèsè ló sì fi ṣe àpèjúwe rẹ̀: gbèsè lọ́nà gbèsè, owó ló ń dà. Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ká ní ìwé gbèsè méje ló wà lọ́wọ́ onípákó tó ń tà fún yín, ẹgbẹ̀rún méje náírà ló sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ó ya ìwé méjèèje dànù, ó ní òun fi ta yín lọ́rẹ. Ìwé méje ló kúrò, gbèsè ló sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Kò sẹ́ni tó ka owó lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ẹ ti fi ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínláàádọ́ta náírà sàn ju bí ẹ ṣe wà lánàá lọ.

Ẹ wá lè béèrè pé ta ló ní kí √ máa pe ẹyọ kan. Kí ló dé tí kò lè pe méjèèjì? Àwọn ènìyàn ló fẹnu kò sí i. Nínú ìwé tí Christoff Rudolff, ará Jámánì, tẹ̀ jáde ní 1525 ni àmì √ ti kọ́kọ́ fara hàn, René Descartes, ará Faransé, sì fi ìlà gígùn sí orí rẹ̀ ní 1637 kí a lè mọ ibi tí agbára àmì náà dé. Ṣùgbọ́n ìfẹnukò yìí ní ìdí tó lágbára. Ẹ wo √9 + √16. Bí a ṣe ń lò ó, 3 àti 4 ni, 7 ni ìdáhùn. Bí √9 bá lè jẹ́ 3 tàbí −3, tí √16 náà sì lè jẹ́ 4 tàbí −4, ìdáhùn á di mẹ́rin: 7, 1, −1 àti −7. Bí ẹ bá wá ní kí wọ́n gé pákó fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà √9 + √16, èwo ni wọ́n máa gé? Àmì tó ń túmọ̀ sí ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣeé fi ṣe iṣẹ́.

Ẹ̀rí mìíràn wà nínú ìwé ọmọ yín fúnra rẹ̀. Ẹ ní kí ó ṣí ibi tí fọ́múlà quadratic wà, èyí tí wọ́n fi ń wá x níbi tí x² bá wà:

x = (−b ± √(b² − 4ac)) / 2a

Ẹ wo ± tó wà níwájú √ yẹn. Bí √ bá ti gbé méjèèjì dání tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n tún ń fi ± ṣe níbẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí √ kò gbé e dání. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá tẹ √49, 7 nìkan ló máa rí. (Nígbà tí ẹ bá wà nídìí ẹ̀rọ ìṣirò yẹn, ẹ kìlọ̀ fún un: bó bá tẹ −7² láìfi àkámọ́ sí i, −49 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí máa gbé jáde, nítorí wọ́n kọ́kọ́ fi 7 lọ́nà 7, kí wọ́n tó fi máínọ́ọ̀sì sí i. (−7)² ló yẹ kó tẹ̀.)

Bí √ kò bá gbé ± dání, níbo ni ± ti wá wọ inú ìbéèrè kejì?

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti fi hàn kò nílò √ rárá. x² = 49 ni ìdọ́gba wa, ohun tí ọmọ yín ń pè ní ìkùéṣọ̀n. Ẹ yọ 49 kúrò ní apá òsì àti apá ọ̀tún, ó ku x² − 49 = 0. Apá òsì yìí ṣeé tú sí méjì:

(x − 7)(x + 7) = 0

Bí a bá fi nọ́ńbà méjì sọ ara wọn di púpọ̀, tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ òdo, ó di dandan kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òdo. Bí ó bá jẹ́ x − 7 ni, x jẹ́ 7. Bí ó bá jẹ́ x + 7 ni, x jẹ́ −7. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé lẹ́yìn tó ti fi ìbejì hàn wá, ó tún jẹ́rìí pé ìyá náà kò bí ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá kàn ń há "plus or minus" sórí kò ní ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí gbogbo wọn máa ń lò, kí wọ́n fi √ sí apá méjèèjì. Ó dára, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ √(x²) = x, tí wọn á sì kọjá lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi −4 dán an wò. −4 lọ́nà −4 jẹ́ 16, √16 sì jẹ́ 4. A gbé −4 wọlé, 4 ló jáde. √(x²) kì í ṣe x nígbà gbogbo. Ìjìnnà x sí òdo ni, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ báyìí: |x|. Ẹni tó wà ní kìlómítà 4 sí ìlà-oòrùn ṣọ́ọ̀bù yín àti ẹni tó wà ní kìlómítà 4 sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, bákan náà ni wọ́n jìnnà sí yín. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi √ sí apá méjèèjì x² = 49, ohun tí a rí ni |x| = 7. A mọ bí x ṣe jìnnà sí òdo tó, a kò mọ apá ibi tó wà. Ohun tí a kò mọ̀ yẹn ni ± dúró fún. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí pé square, ìyẹn fífi nọ́ńbà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ti pa àmì x rẹ́, kò sì sí bí √ ṣe lè dá a padà.

Ẹ bá mi tẹ ibí yìí mọ́ ọmọ náà létí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú ìwé ìdánwò. Bí ìdọ́gba bá jẹ́ (x + 1)² = 25, àwọn kan á kọ x + 1 = 5, x = 4, lẹ́yìn náà wọ́n á rántí pé olùkọ́ ní kí wọ́n má gbàgbé plus or minus, wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn: x = ±4. Irọ́ ni. Ẹ fi −4 sínú rẹ̀, −3 lọ́nà −3 lẹ máa bá, 9 nìyẹn, kì í ṣe 25. Ohun tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni x + 1, òun ló ní ìbejì. x + 1 jẹ́ 5 tàbí −5, nítorí náà x jẹ́ 4 tàbí −6. Ibi tí a bá ti tú square ni ± gbọ́dọ̀ wọlé, kì í ṣe ìlà tó kẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ìyá ló ń bí ìbejì ṣá o. x² = 0 ní ìdáhùn kan ṣoṣo. x² = −49 kò sì ní rárá láàárín àwọn nọ́ńbà tí ọmọ SS2 ń lò, nítorí kò sí nọ́ńbà nínú wọn, ìbáà ju òdo lọ, ìbáà kéré sí i, tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó bọ́ sábẹ́ òdo. Bhaskara, ará Íńdíà mìíràn tó kọ̀wé ní nǹkan bí 1150, ti sọ bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà tó ju òdo lọ ní gbòǹgbò méjì, ìyẹn square root méjì, nọ́ńbà tó kéré sí òdo kò ní, torí kì í ṣe square ohunkóhun.

Ó kan ìbéèrè kẹta, √(x + 6) = x. Kí √ lè kúrò níbẹ̀, ọmọ yín fi square sọ apá méjèèjì. Ó rí x + 6 = x², ó tò ó sí x² − x − 6 = 0, ó tú u sí (x − 3)(x + 2) = 0, ó sì rí 3 àti −2. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, kò ṣì ìlà kankan. Síbẹ̀ −2 kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ dá a padà sínú ìdọ́gba àkọ́kọ́. Ní apá òsì, −2 + 6 jẹ́ 4, √4 sì jẹ́ 2. Ní apá ọ̀tún, −2 ló wà níbẹ̀. 2 kì í ṣe −2.

Báwo wá ni −2 ṣe wọlé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àṣìṣe? Ẹ rántí pé square máa ń pa àmì rẹ́. Bí a bá wọ aṣọ kan náà fún Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹni tó ń wò wọ́n lókèèrè kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. 2 àti −2 kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn square, 4 ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọmọ yín fi square sọ apá méjèèjì, ó wọ aṣọ kan náà fún ìdọ́gba méjì: √(x + 6) = x àti −√(x + 6) = x. Látìgbà náà lọ, kò sí bí ìwé ṣe lè mọ èyí tí wọ́n fún un. 3 jẹ́ ti èkíní, −2 jẹ́ ti èkejì. Àlejò ni −2, ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló wọ̀. Bí √ bá lè jẹ́ méjì ni, √4 ì bá lè jẹ́ −2, −2 ì bá sì di ìdáhùn. Ẹ wá rí i pé ohun tó mú ìbéèrè kìíní lọ náà ló mú ìkẹta lọ.

Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ọmọ bá fi square sọ apá méjèèjì, dandan ni kó dá ìdáhùn kọ̀ọ̀kan padà sínú ìdọ́gba tí wọ́n fún un. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń rò pé àṣelékún ni, pé ẹni tí àkókò bá ṣẹ́ kù fún ló ń ṣe é. Rárá. Ara iṣẹ́ náà ni.

Òdìkejì ewu yìí wà, ó sì bá mi jà nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fún wa ní x² = 5x. Mo fi x pín apá méjèèjì, mo rí x = 5, mo fà á nílà sábẹ́ tayọ̀tayọ̀. Mi ò mọ̀ pé òdo náà jẹ́ ìdáhùn, àti pé nígbà tí mo fi x pín in ni mo lé òdo jáde nílé. Ẹni kan tó kọ́ mi nígbà náà fagi lé e láìsọ ìdí, ọdún méjì gbáko ló sì gbà mí kí ó tó yé mi. Square apá méjèèjì lè gbé àlejò wọlé, fífi x pín lè lé ọmọ ilé síta.

Ẹ jẹ́ ká wá sí lílé máínọ́ọ̀sì jáde, torí òun ló fa ọ̀rọ̀ ìkẹrin. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ ṣe tábìlì tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 ní square, x² = 16 ni ìdọ́gba yín. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 4 àti −4, pákó ẹsẹ̀ bàtà 4 lẹ sì máa gé. Ìṣirò kọ́ ló lé −4 jáde. Pákó ni, torí kò sí pákó tí gígùn rẹ̀ kéré sí òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igun kan gún, tí ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì, tí ẹ sì ń wò ó bóyá ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 5. 9 àti 16 jẹ́ 25, ìdábùú náà sì jẹ́ √25. Èyí tó ju òdo lọ nìkan ni tépù mọ̀.

Àwọn àgbà ìṣirò pàápàá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Al-Khwarizmi, tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní nǹkan bí 820, yanjú x² + 10x = 39, ó sì fi 3 ṣe ìdáhùn. −13 náà bá ìdọ́gba yẹn mu: 169, ẹ yọ 130, ó ku 39. Ṣùgbọ́n àwòrán square gidi ló fi ṣe àlàyé rẹ̀, kò sì sí ibi tí −13 máa dúró sí nínú àwòrán náà. (Jidhr ni ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n ń lò fún square root nígbà náà, gbòǹgbò ló sì túmọ̀ sí, bí àwa náà ṣe ń pè é.)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Bhaskara tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní agbo ọ̀bọ kan wà. Ìdá kan nínú márùn-ún wọn, tí a bá yọ mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, tí a sì fi ohun tó kù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn ló wọ inú ihò àpáta. Ọ̀bọ kan ṣoṣo ló kù níta. Mélòó ni gbogbo wọn? Ìdọ́gba rẹ̀ fúnni ní 50 àti 5. Nọ́ńbà méjèèjì ju òdo lọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á ní òun gba méjèèjì. Bhaskara kọ 5. Ó rí i pé ìdá kan nínú márùn-ún 5 jẹ́ 1, èèyàn kò sì lè yọ ọ̀bọ mẹ́ta kúrò nínú ọ̀bọ kan. 50 dára: ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 10, ẹ yọ 3, ó ku 7, 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, ẹyọ kan tó wà níta sọ ọ́ di 50. Bhaskara kò kàn wo iwájú nọ́ńbà bóyá àmì ìyọkúrò wà níbẹ̀. Inú ìtàn náà ló padà sí láti béèrè bóyá ó ṣeé ṣe.

Ohun tí olùkọ́ ọmọ yín kò ṣe lórí bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pọ̀. 20t − 5t² = 15. Ẹ fi 5 pín gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tò ó: t² − 4t + 3 = 0. Èyí ṣeé kọ báyìí:

(t − 2)² = 1

Ìbejì 1 ni 1 àti −1, nítorí náà t − 2 jẹ́ 1 tàbí −1. Mo fura pé ibí ni olùkọ́ náà ti rí −1, tó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àkókò kì í jẹ́ máínọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n t kọ́ ló jẹ́ −1, t − 2 ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni bọ́ọ̀lù náà dé òkè pátápátá. −1 ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú-àáyá kan kó dé òkè, 1 ń sọ pé ó ti kọjá òkè ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. t jẹ́ 1 nígbà tó ń gòkè lọ, t jẹ́ 3 nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọjá mítà 15, ìgbà méjèèjì sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó bá fagi lé 1 ń sọ pé bọ́ọ̀lù náà dé òkè láìgòkè.

Àwọn ìgbà kan wà tó tọ́ láti lé e jáde. Ká ní orí òrùlé tó ga ní mítà 25 ni wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù kan náà sókè, tí wọ́n sì béèrè ìgbà tó balẹ̀. Ìdọ́gba rẹ̀ máa di t² − 4t − 5 = 0, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 5 àti −1. Níbí, t fúnra rẹ̀ ló jẹ́ −1, ìyẹn ni pé kí ọwọ́ tó ju bọ́ọ̀lù náà. Ẹ lé e lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ẹ mú ìwé ìdánwò náà lọ bá olùkọ́ yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde kíláàsì, níṣojú ọmọ yín, kì í ṣe níṣojú àwọn ọmọ yòókù. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ya ipa ọ̀nà bọ́ọ̀lù náà sórí bébà, kó fa ìlà kọjá ní mítà 15, kó sì fi ibi méjì tí ìlà náà ti gé ipa ọ̀nà yẹn hàn án. Mo gbà pé yóò dá máàkì náà padà. Iṣẹ́ rere ló ṣe lórí mẹ́ta yòókù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ní kí ọmọ yín tún wá t fún mítà 20, kó sì wá a fún mítà 25. Ti mítà 20 á fún un ní (t − 2)² = 0, ìdáhùn kan ṣoṣo, lókè gan-an níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń yí padà. Ti mítà 25 á mú un dé (t − 2)² = −1. Bó bá dúró níbẹ̀, tó ń wo ojú yín, ẹ bi í pé ṣé bọ́ọ̀lù náà dé mítà 25 rí.